Lẹ́tà sí Ọmọ Àbúrò Mi tí Ó Fẹ́ Dá Wakọ̀ Lọ sí Àríwá Kánádà

Òkè-Ṣópin,
Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìwé tí o kọ dé ọwọ́ mi ní àlàáfíà, mo sì fi sùúrù kà á dé ibi tí o ti wí pé, nígbà tí yìnyín ilẹ̀ Kánádà bá yọ́ tán, ìwọ nìkan ṣoṣo ni yóò jókòó sí ìdí ọkọ̀ rẹ, tí o ó tọ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Dempster lọ sí àríwá títí dé Inuvik, àti pé inú ọkọ̀ náà ni o ó máa sùn. Ìyá rẹ ní kí n ká ọ lọ́wọ́ kò. Èmi kò ní ká ọ lọ́wọ́ kò, nítorí àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, àti pé Ìjẹ̀bú, ọmọ Awùjalẹ̀, ọmọ arójòjoyè, kò jókòó ti ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ láti ìgbà tí obì oko wa ti ń gun ọkọ̀ lọ sí Kánò.

Ìwọ kọ́ sì ni àkọ́kọ́. Olábísí Àjàlá gun alùpùpù la ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kọjá, ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ sì jáde ní 1963. Ní 2024, Pelumi Nubi dá wa Peugeot kékeré kan láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó. Nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ sì ṣe é ní Ivory Coast, ìròyìn rẹ̀ tètè délé, nítorí àìmọye ènìyàn ni ó ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dá rìn, ṣùgbọ́n kò sọnù lójú ayé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ni ó bá mi wá ìtàn ọ̀nà rẹ yìí rí. Bóyá ìwọ tí o fẹ́ rìn ín kò tíì béèrè orúkọ ta ni ó ń jẹ́. Ní oṣù Kejìlá 1910, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Francis Fitzgerald, kó ọkùnrin mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n sì fi ajá fa ẹrù wọn lórí yìnyín láti Fort McPherson, wọ́n dorí kọ Dawson. Nítorí pé ó ń wá òkìkí ẹni tí ó yára jù lọ, ó dín oúnjẹ kù. Nítorí pé ó gbójú lé ọ̀kan nínú àwọn tirẹ̀ tí ó ti gba ọ̀nà náà rí, ó sanwó fún Esau George, ọmọ Gwich'in tí í ṣe onílẹ̀, ó sì ní kí ó máa lọ sílé. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lé afinimọ̀nà padà, ta ni yóò bi? Wọn kò rí odò kékeré tí ó yẹ kí wọ́n yà sí. Wọ́n wá a títí oúnjẹ fi tán, wọ́n ṣẹ́rí padà, wọ́n ń pa ajá wọn jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kú nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n padà dé ibi tí wọ́n ti gbéra. Dempster ni ọlọ́pàá tí a rán láti wá wọn, òun ni ó sì rí òkú wọn ní oṣù Kẹta 1911. Orúkọ ẹni tí ó lọ wá ènìyàn ni wọ́n fi sọ ọ̀nà náà, kì í ṣe ti ẹni tí ó ń sáré.

Ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 740 kìlómítà, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí i, o ó sì rin nǹkan bí 370 kí o tó rí ilé epo ní Eagle Plains, èyí tí ó jìnnà ju Ìjẹ̀bú-Igbó sí Ìlọrin lọ dáadáa, láìrí fọgaláísà kan. Gbé kẹ́ẹ̀gì epo dání, kí táyà tí o fi pamọ́ má sì jẹ́ ẹyọ kan. Kò sí afárá lórí odò Peel àti Mackenzie. Pọ́ńtù ni ó ń gbé ọkọ̀ kọjá nígbà ooru. Àwọn ìbátan wa ní Ìwópin àti Màkún-Omi mọ̀ pé a kì í bá omi ṣe agídí: bí wọ́n bá ní kí o dúró, dúró.

Ní ti oorun inú ọkọ̀, mo ní ẹnu láti sọ̀rọ̀, nítorí orí ìjókòó lọ́rì ni ibùsùn mi nígbà tí a ń kó gẹdú. Má ṣe torí òtútù tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ sùn. Irú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ó ń pa odidi ìdílé mọ́lé níhìn-ín náà ni ó ń gba sàlẹ́ńsà ọkọ̀ jáde. Ó ní ohun kan nínú tí a kò lè rí, tí a kò sì lè gbóòórùn, bí ẹrẹ̀ tàbí yìnyín bá sì dí ẹnu sàlẹ́ńsà, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò yà sí. Ra aṣọ ìbora tí ó nípọn. Má da àjẹkù oúnjẹ síta, kí béárì má bàa wá kí ọ. Oòrùn kì í wọ̀ ní Inuvik ní oṣù Kẹfà, nítorí náà fi aṣọ dí fèrèsé. Níhìn-ín, ọ̀lẹ ni à ń pe ẹni tí ó ń sùn lójú oòrùn.

Àwọn ọdẹ àgbà tí mo bá pàdé lẹ́bàá igbó J4, igbó tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1925, tí erin sì ń bẹ nínú rẹ̀ dòní, a máa dá wọ igbó, ṣùgbọ́n ẹnìkan ń bẹ nílé tí ó mọ apá ibi tí wọ́n kọrí sí àti ọjọ́ àbọ̀ wọn. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, àwọn ará ilé a tú jáde lọ wá wọn. Nítorí náà, kọ ọ̀nà rẹ sílẹ̀: ibi tí o ó sùn lálaalẹ́, nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ, ọjọ́ tí o ó tẹ Inuvik. Fún ọ̀rẹ́ kan ní Kánádà ní ọ̀kan, fi èkejì ránṣẹ́ sí mi. Fóònù kò ní ṣiṣẹ́ ní ibi púpọ̀ lójú ọ̀nà náà, nítorí náà yá ẹ̀rọ tí ń gba sátẹ́láìtì ránṣẹ́. Bí ọjọ́ tí o dá bá sì kọjá láìgbúròó rẹ, má ṣe rò pé àdúrà nìkan ni n ó jókòó máa gbà. N ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ tẹ àwọn ọlọ́pàá Inuvik láago lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ pé ńṣe ni o kàn ń ya fọ́tò.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.