Ọkọ Mi, Kì Í Ṣe Dídán Ọkọ̀ Là Ń Gùn

Ọkọ mi, fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Láti àárọ̀ lo ti ń fi àwòrán ọkọ̀ Mẹ̀sí kan ṣoṣo hàn mí: E350 ti ọdún 2006, dúdú, táyà fẹ̀, àga aláwọ. O ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Àkúrẹ́ sọ pé ọmọ Ìdànrè tó ta kòkó tí kò gun Mẹ̀sí, owó ọ̀hún kò tíì wọ̀ ọ́ lára. Ṣé àwọn ni yóò máa bá ọ ra epo sí i? Ṣé àwọn ni yóò bá ọ tì í lálẹ́ bí ó bá kú sójú ọ̀nà?

N kò ní kí o má gun ọkọ̀ bọ̀gìnnì o. Ó tọ́ sí ọ. Ò ń lọ síbi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ lójoojúmọ́, oko kòkó tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ kò sì di igbó mọ́ ọ lọ́wọ́. Ara tó ṣe wàhálà tó báyìí yẹ kó jókòó lórí àga tó rọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwòrán lo fi ń yan ọkọ̀. Owó tí a fi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kọ́ ni owó rẹ̀. Èyí tí yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn tó bá ti wọlé ni owó rẹ̀ gan-an. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Owó kòkó yẹn náà, jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Lọ́dún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kejìlá, ó ti ré kọjá 12,000. Gbogbo wa la rí i, láti Òdòdè dé Aládé ní Ìdànrè níbí: ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí ra mọ́tò, páànù tuntun bo orí ilé. Ṣùgbọ́n kí ọdún 2025 tó parí, iye yẹn ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Mọ́tò tí o bá fi owó 2024 rà, owó ọdún tí kòkó bá wálẹ̀ lo máa fi tún un ṣe. Ṣé o ti rò ó débẹ̀?

Wá gbọ́ nípa Mẹ̀sí yẹn. Ọkọ̀ rere ni, mi ò ní bà á jẹ́. Àmọ́ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì Mẹ̀sí tó bá mọṣẹ́, yóò sọ fún ọ pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní M272, tó wà nínú E350 àti C280 ìgbà náà, ní irin eléyín kan nínú tó máa ń tètè jẹ. Irin kékeré ni, ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún ló wà. Àfi kí wọ́n sọ odindi ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí ọwọ́ tó tó o. Bíréèkì rẹ̀ ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, ó sì ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí iye ọ̀hún bá pé, iná ìkìlọ̀ yóò tàn, àfi kí o pààrọ̀ páḿpù rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti tó nǹkan bí ogún ọdún, ìgbà mélòó ni ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ kí o tó rí i? Ọ̀dọ̀ ta lo ti máa rí ẹ̀rọ tó lè bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀ níhìn-ín? O máa lọ wá páàtì dé ọjà Ládípò ní Múṣin, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lo sì máa wọ̀ lọ.

Bí ó bá jẹ́ ìgbádùn lò ń wá, Lexus ES 350 ni kí o wò, láti ọdún 2007 sókè. Toyota ló ni Lexus. Ẹ́ńjìnnì V6 oní-lítà 3.5 tó wà nínú rẹ̀, òun náà ló wà nínú Camry tí gbogbo wa ń pè ní Muscle, èyí tó bá jẹ́ V6. Mẹkáníìkì tó ń tún Muscle ṣe ní Òdòdè, kò ní ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó máa họrí. Ọkọ̀ náà dákẹ́ lójú ọ̀nà, ìjókòó rẹ̀ tu ara. Bí o bá gbé mi lọ sí òde ìgbéyàwó nínú rẹ̀, gèlè mi kò ní wó.

Òun náà ní àléébù tirẹ̀ o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún ọ. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, páìpù kan tó ń gbé ọ́ìlì ní rọ́bà láàárín; rọ́bà náà lè bẹ́, ọ́ìlì á dà tán kí o tó mọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì ta kú. Ní kí mẹkáníìkì tan tọ́ọ̀ṣì wò ó: bí rọ́bà bá wà níbẹ̀, kí ó fi èyí tó jẹ́ kìkì irin rọ́pò rẹ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ máa ń yọ́ nínú oòrùn, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Wá aṣọ bò ó. Èyí tó ká mi lára jù ni ti mátì ẹsẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2009, nítòsí San Diego ní Amẹ́ríkà, ènìyàn mẹ́rin kú nínú ES 350 kan tí wọ́n yá lò, torí mátì tí kì í ṣe tirẹ̀ há mọ́ ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn kí ẹ máa to mátì lé mátì. Ẹyọ kan, tirẹ̀ gan-an, kí ó sì há dáadáa sí ìkọ́ rẹ̀.

Tún wo táyà ẹsẹ̀ Mẹ̀sí inú àwòrán rẹ: 245/40 ni wọ́n kọ sí i. 245 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 40 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100 fífẹ̀ náà. Rọ́bà tó wà láàárín ríìmù rẹ àti kòtò kò pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. ES 350 ti 2007 ń lo 215/55, tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjìlá. Ìlú àpáta la wà, ọkọ mi. Òjò ń fọ ọ̀nà, ó ń yọ òkúta síta. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà lo máa máa jí sí.

Pé o fẹ́ máa fi ọkọ̀ náà kó kòkó láti oko, má tilẹ̀ jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Àpò kòkó kan wúwo tó bíi kílò 64. Mẹ́ta nínú búùtù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200, ìdí ọkọ̀ á wọlẹ̀, á máa ha òkúta. Háyà Hilux lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ kó kòkó.

Ẹ̀wẹ̀, jẹ́ ká ṣírò epo. Àkúrẹ́ lọ, Àkúrẹ́ bọ̀, ká pè é ní 50 kìlómítà. ES 350 ń jẹ bíi lítà 11 ní 100 kìlómítà, ó di lítà márùn-ún àbọ̀ lójúmọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, ó di 121. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní Oṣù Karùn-ún 2023, lítà kan kò pé 200 náírà lójú ìwé. Lọ́dún 2024 ó kọjá 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí o bá rà á ní 1,000, epo ibi iṣẹ́ nìkan jẹ́ 121,000 náírà lóṣù, bẹ́ẹ̀ 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ lọ́dún náà. Mẹ̀sí yẹn á jẹ jù bẹ́ẹ̀. Bí èyí bá wúwo fún ọ, Muscle oní-sìlíńdà mẹ́rin kò tini lójú.

Bí o bá fẹ́ lọ yẹ ọkọ̀ wò, àárọ̀ ni kí o lọ. Gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì: bó bá ti gbóná, wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì kí o tó dé, ó lè jẹ́ pé ariwo kan wà tí wọn kò fẹ́ kí o gbọ́. Kí ẹ́ńjìnnì tó jí, iná check engine gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí kò tàn rárá, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin: bí ẹrẹ̀ tàbí àmì omi bá wà lára rẹ̀, àgbàrá ti wọ inú ọkọ̀ náà rí. Ka nọ́ńbà oní-àmì 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, kí ó bá ti ara ilẹ̀kùn àti ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, àmì ìkẹwàá nínú rẹ̀ ló ń sọ ọdún: 7 ni 2007, A ni 2010. Bí wọ́n bá sì ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ló gbà wọlé láìpẹ́, rántí pé láti Oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ mi kò ju èyí lọ: pín owó rẹ sí ọ̀nà mẹ́wàá. Fi méje ra ES 350, fi mẹ́ta sí báǹkì fún táyà, ọ́ìlì àti ohun tí ojú kò tíì rí. Mú mẹkáníìkì àti réwáyà dání, ìwọ ni kí o san owó iṣẹ́ wọn, má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ san án. Bí ẹni náà bá sì kọ̀ kí wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì, dìde níbẹ̀, ọkọ mi, kí o gbé owó rẹ bọ̀ wálé.