Sípíríǹgì Kúkúrú: Bí A Ṣe Ń Rẹ Mọ́tò Sílẹ̀ Nílé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú mọ́tò, kí ẹ wo ẹ̀yìn táyà náà lọ sókè. Irin ńlá kan tí wọ́n lọ́ yípo yípo wà níbẹ̀, ọ̀pá kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Irin tí wọ́n lọ́ yẹn ni sípíríǹgì. Ọ̀pá náà ni ṣọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì ló ru mọ́tò. Iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì ni pé bí sípíríǹgì bá ti fò lẹ́ẹ̀kan, kó má jẹ́ kó máa fò lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe méjèèjì ní ṣọ́ọ̀kì, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń ra ṣọ́ọ̀kì tuntun nígbà tó jẹ́ pé sípíríǹgì ló ti kú.

Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ kí mọ́tò wọn súnmọ́ ilẹ̀ ju bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde lọ. Wọ́n á ní àlàfo tó wà láàárín táyà àti ara mọ́tò ti pọ̀ jù, pé kò dùn ún wò. Wọ́n tún lè sọ pé mọ́tò tó bá wà nílẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí a bá ń yí kọ́nà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, afẹ́ ni ti ọ̀pọ̀ wọn. Kò sóhun tó burú nínú afẹ́, bí ẹni tó ń ṣe é bá mọ ohun tó ń fọwọ́ kàn. Iṣẹ́ náà kò sì yàtọ̀ sí ti ẹni tí sípíríǹgì mọ́tò rẹ̀ ṣẹ́, tàbí tó ti rẹ̀, tó fẹ́ fi tuntun tí gíga rẹ̀ bára mu rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò ní rẹ mọ́tò sílẹ̀ láéláé náà lè ka orí yìí.

Ẹ jẹ́ ká mú mọ́tò tí gbogbo wa mọ̀, Toyota Corolla ti ọdún 2003 sí 2008, irú tòkunbọ̀ tó kún ojú títì wa. Níwájú rẹ̀, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì wọ inú ara wọn, wọ́n di ẹyọ kan. Earle MacPherson, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ló gbé ètò yìí kalẹ̀. Ford Consul àti Ford Zephyr, tí wọ́n fi han aráyé ní London ní ọdún 1950, wà lára àwọn mọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò gba àyè, kò sì wọ́n, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn mọ́tò kéékèèké máa lò ó títí dòní.

Robert Hooke, ará England, ló tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ní ọdún 1678 pé bí ẹrù orí sípíríǹgì bá ṣe pọ̀ tó ni sípíríǹgì náà yóò ṣe fún wọlé tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní kìlógíráàmù 20 ló ń fún sípíríǹgì kan wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 1. Bí mọ́tò bá gbé kìlógíráàmù 300 lé e, yóò fún wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 15. Bí a bá wá fẹ́ kí mọ́tò wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, sípíríǹgì tó kúrú la ó fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kíkúrú nìkan kò tó. Àyè tí ẹsẹ̀ mọ́tò fi ń gòkè nígbà tó bá kó sí kòtò ti dín ní sẹ̀ǹtímítà 3 náà. Bí sípíríǹgì tuntun kò bá le ju ti àtijọ́ lọ, ṣọ́ọ̀kì á máa kan ìdí gbàgà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é, bíi Eibach àti H&R ti Jámánì, fi ń jẹ́ kó kúrú kó sì tún le díẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò á mọ̀ ọ́n lára: gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ni yóò máa kí i.

“Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi gé èyí tó wà níbẹ̀.” Ẹnu ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra sípíríǹgì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde. Ọ̀gá tó bá gbà á á fi ẹ̀rọ gé ìyípo kan kúrò, mọ́tò á wálẹ̀ lóòótọ́. Sípíríǹgì tó ní ìyípo mẹ́fà, tí a gé ọ̀kan kúrò lára rẹ̀, á le sí i ní ìdá kan nínú márùn-ún, torí márùn-ún ló kù láti pín iṣẹ́ ẹni mẹ́fà ṣe. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú. Ibi tí wọ́n gé kì í jókòó dáadáa mọ́ nínú àwo rẹ̀, ó sì lè yẹ̀ kúrò nípò nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn bọ́ǹpù. Àwọn mìíràn ń fi iná gáàsì ta á kó lè wálẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi iná àti ìtutù ṣe irin sípíríǹgì nílé-iṣẹ́ ló fún un ní agbára àtifò padà. Bí iná wẹ́dà bá ti kàn án, agbára náà lọ nìyẹn. Ẹ má gé e, ẹ má fi iná kàn án.

Ibo ni ẹ ń gbé? Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú ti owó. Ní Britain, òfin gbà kí bọ́ǹpù ga tó mílímítà 100, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, àwọn ará àdúgbò ló máa ń po sìmẹ́ǹtì tí wọ́n á mọ bọ́ǹpù bó ṣe wù wọ́n, òmíràn sì ga débi pé Corolla tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí á fi ikùn ha á. Ẹ fi òjò kún un, ẹ fi èrò márùn-ún àti àpò gàrí méjì tó wà ní búùtù kún un. Abájọ tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò nílé fi ń ṣe òdìkejì ohun tí à ń sọ yìí: rọ́bà líle ni wọ́n ń kì sáàárín ìyípo sípíríǹgì kí mọ́tò lè ga sí i. Ní tèmi o, ẹni tí títì àdúgbò rẹ̀ dán, ìbáà jẹ́ ní London tàbí Houston, lè rẹ mọ́tò sílẹ̀ ní mílímítà 25 tàbí 30 kó má kábàámọ̀. Ẹni tó ń gba ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà délé lójoojúmọ́, kó fi owó yẹn ra táyà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ títẹ́jú tó le ni kí ẹ gbé mọ́tò sí. Jáàkì ń gbé mọ́tò sókè ni, sítáǹdì ló ń dì í mú. Kí ẹnikẹ́ni má sùn sábẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Kí ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù ṣe sítáǹdì, torí búlọ́ọ̀kù kì í sọ fún èèyàn kó tó fọ́. Bí kẹ̀kẹ́ iwájú bá fẹ́ gòkè, ẹ fi òkúta tàbí igi há ti ẹ̀yìn. Ẹ fín WD-40 sí àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìbéèrè kan ni kí ẹ máa bi ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: níbo ni agbára sípíríǹgì yìí wà báyìí? Nígbà tí mọ́tò wà nílẹ̀, ìwúwo mọ́tò ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti fi jáàkì gbé e, ẹ lè rò pé ó ti sinmi. Kò sinmi. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, tó wà lórí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì gan-an, ló ṣì dì í mú pẹ̀lú àwo òkè tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní mọ́ńtì. Pàkúté tí wọ́n ti dẹ sílẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá tú nọ́ọ̀tì àárín yẹn láìkọ́kọ́ fi irin ìfún-sípíríǹgì dè é, mọ́ńtì á fò jáde pẹ̀lú agbára tó lè fọ́ àgbọ̀n, tó sì lè pa èèyàn.

Kí mọ́tò tó gòkè ni kí ẹ ti dẹ nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sókè, ẹ fi sítáǹdì sí i, ẹ yọ táyà. Ẹ óò rí rọ́bà bíréèkì, wáyà tó ń lọ sí ẹsẹ̀ mọ́tò, àti líńkéèjì, tí wọ́n so mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì. Ẹ tú wọn kúrò lára rẹ̀. Bóòtù ńlá méjì ló so ìdí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò. Ẹ fi ẹfun tàbí ọ̀dà sàmì sí bí wọ́n ṣe wà kí ẹ tó fà wọ́n yọ. Ẹ fi wáyà so ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́kè kó má baà dà síta, kó fa ṣáàfù yọ tàbí kó gbé ara lé rọ́bà bíréèkì. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló yí orí ṣọ́ọ̀kì ká, ọ̀kan sì wà láàárín wọn. Mẹ́ta tó yí i ká ni kí ẹ tú, kí ẹnì kan sì di ṣọ́ọ̀kì mú nísàlẹ̀. Ti àárín, ẹ fi í sílẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ ti dé wàyí. Irin ìfún-sípíríǹgì máa ń wá ní méjì méjì, ó ní ẹnu bí ìkọ́ lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ fi wọ́n kọ́ ìyípo sípíríǹgì ní ọ̀tún àti ní òsì, kí wọ́n kọjú síra gẹ́lẹ́. Ẹ yí ti ọ̀tún díẹ̀, ẹ yí ti òsì díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kan má ṣíwájú èkejì. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i, ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ yí nọ́ọ̀tì. Kí orí ṣọ́ọ̀kì má kọjú sí ojú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ẹ bá lè fi ọwọ́ yí mọ́ńtì láìsí ìjà, agbára ti kúrò lọ́rùn nọ́ọ̀tì nìyẹn, ó ti bọ́ sọ́wọ́ irin ìfún. Ìgbà yẹn nìkan ni kí ẹ tú nọ́ọ̀tì àárín. Bí irin ìfún bá ti tẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ ti jẹ, ẹ má lò ó. Iṣẹ́ yìí kọ́ la fi ń dán irin àlòkù wò.

Bí ẹ bá ṣe ń yọ mọ́ńtì, bíárì àti rọ́bà ni kí ẹ máa tò wọ́n sílẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò wọn. Ẹ wo ṣọ́ọ̀kì náà. Bí ọ́ìlì bá ti ń jò lára rẹ̀, ẹ ra òmíràn kí ẹ tó dè é padà, torí sípíríǹgì líle á tètè pa ṣọ́ọ̀kì tó ti ń kú lọ. Rọ́bà kékeré kan wà lára ọ̀pá rẹ̀ tó ń gba ìkanlẹ̀; bí ìwé tó bá sípíríǹgì wá bá ní kí ẹ gé e kù, ẹ gé e níwọ̀n tí ìwé sọ. Sípíríǹgì tuntun lè kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní nílò ìfún púpọ̀. Kí lẹ́tà ara rẹ̀ ṣeé kà láìdojúdé, kí ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wọ inú ihò àwo rẹ̀ ṣinṣin. Ẹ fi nọ́ọ̀tì tuntun dè é lókè, kí ẹ tó tú irin ìfún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe dè é. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ṣọ́ọ̀kì padà sípò rẹ̀ lára mọ́tò, kí bóòtù ìdí rẹ̀ bá àmì tí ẹ ṣe mu, kí ẹ sì so gbogbo ohun tí ẹ tú padà.

Ti ẹ̀yìn Corolla yìí kò le tó ti iwájú, irin ìfún kan náà ni ẹ óò lò. Bóòtù ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn gba inú rọ́bà kọjá. Ẹ má dè é pa títí mọ́tò yóò fi wà nílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà náà á lọ́ lọ́rùn, á sì ya láìpẹ́. Ẹ pààrọ̀ méjì iwájú pọ̀, ẹ pààrọ̀ méjì ẹ̀yìn pọ̀. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mọ́tò Corolla, Toyota ní kí a dè é dé 103 lórí sípánà tó ń fi Newton-mítà wọn agbára. Ẹ dè wọ́n ní ìdojúkọ, kì í ṣe yípo. Bí ẹ bá ti rìn tó kìlómítà 80, ẹ tún wọn yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Bó ṣe wálẹ̀ yẹn, orí táyà ti fì sínú díẹ̀, ìdojúkọ àwọn táyà náà sì ti yí padà. Ẹni tó bá fò aláímẹ́ǹtì, mọ́tò rẹ̀ á máa jẹ táyà láti inú, níbi tí ojú kì í tètè rí, títí wáyà á fi yọ. Ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan kí sípíríǹgì jókòó, kí ẹ tó lọ ṣe aláímẹ́ǹtì. Bí ìdarí bá ti ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan. Ẹ tún iná iwájú ṣe, torí ibi tó ń tàn sí ti yàtọ̀. Ẹni tó wà ní Britain gbọ́dọ̀ sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ pé òun ti yí mọ́tò padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè kọ̀ láti sanwó bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ní Jámánì, ayẹ̀wò tún wà, bíi ti TÜV, kó tó di pé òfin gba mọ́tò náà lójú títì.

Àwọn sípíríǹgì àtijọ́ tí ẹ yọ, bí wọn kò bá ṣẹ́, ẹ nù wọ́n, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa wọ́n lára, ẹ kó wọn pamọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta mọ́tò náà, tàbí tí ẹ kó lọ sí àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, ẹ óò nílò wọn. Ẹ má tà wọ́n fún àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù.