Òkúta Ni Tàbí Ìràwọ̀ Onírù?

Mo fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ kékeré kan ka iwájú yín, èyí tí mo rí kọ́ láti inú àṣìṣe ti ara mi. Nígbà tí a rán wa lọ sí àwọn ilé-ìwé láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, mo kọ́ àwọn ọmọ nípa àwọn ohun tí ń yí oòrùn ká. Mo kọ ọ́ sí ojú pátákó pé: “Ásítẹ́rọ́ìdì jẹ́ òkúta gbígbẹ, kò ní ìrù. Ìràwọ̀ onírù jẹ́ yìnyín àti eruku, ó ní ìrù.” Nígbà tí mo fún wọn ní ìbéèrè, ọmọkùnrin kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, “Bí yìnyín inú ìràwọ̀ onírù bá tán, òkúta ni yóò kù.” Mo fi tàdáwà pupa fagi lé e, nítorí pé èmi kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ka ìwé sí i, mo sì ti rí i pé ọmọ náà súnmọ́ òtítọ́ jù mí lọ. Àwọn àgbà kò ṣì í wí tí wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Kì í ṣe pé irọ́ pátápátá ni mo kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ásítẹ́rọ́ìdì ni ó ń yí oòrùn ká láàárín ọ̀nà Máàsì àti ti Júpítà. Àwọn ìràwọ̀ onírù ní tiwọn a máa ti ọ̀nà jíjìn réré wá, níbi tí òtútù ti pọ̀. Bí wọ́n bá súnmọ́ oòrùn, yìnyín inú wọn a di afẹ́fẹ́, a sì gbé eruku jáde pẹ̀lú rẹ̀. Èyí ni ìrù tí a ń rí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wọn tí wọ́n dàbí àdán, tí kò ṣe eku, tí kò sì ṣe ẹyẹ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1949, àwọn awòràwọ̀ ní òkè Palomar ní Amẹ́ríkà rí ìràwọ̀ onírù kan tí a pè ní Wilson–Harrington. Kò pẹ́ tí wọn kò fi rí i mọ́. Ní ọdún 1979, a rí òkúta kan tí kò ní ìrù rárá, a sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ásítẹ́rọ́ìdì. Ọdún 1992 ni ó tó hàn gbangba pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ásítẹ́rọ́ìdì àti nínú ìwé ìràwọ̀ onírù pẹ̀lú.

Kí ni ó ń mú irú ìdàrúdàpọ̀ yìí wá? Ojú nìkan kò tó láti fi mọ ohun tí ó wà lọ́nà jíjìn. Òkúta kékeré tí ó funfun àti òkúta ńlá tí ó dúdú lè tàn bákan náà nínú awò tí a fi ń wo ọ̀run. Ẹ fi èyí yé àwọn ọmọ ilé-ìwé yín báyìí: ẹ mú agolo méjì tí ó tóbi bákan náà, ẹ fi ẹfun kun ọ̀kan, ẹ fi èédú lílọ̀ kun èkejì, ẹ bu omi tí ó dọ́gba sínú wọn, kí ẹ sì gbé wọn sínú oòrùn fún wákàtí kan. Agolo funfun ni yóò tàn lójú jù, ṣùgbọ́n omi inú agolo dúdú ni yóò gbóná jù. Ìmọ́lẹ̀ tí agolo dúdú kò dá padà, ó gbé e mì, ó sì sọ ọ́ di ooru; ooru náà a sì máa jáde lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán tí ojú kò lè rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọn ìmọ́lẹ̀ òkúta ojú ọ̀run, tí ó sì wọn ìtànṣán ooru rẹ̀, yóò mọ bí ó ti tóbi tó àti bí ó ti dúdú tó. Ara ìràwọ̀ onírù, lábẹ́ ìkùukùu rẹ̀, dúdú bí èédú: nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bọ́ lé e, bí ìpín mẹ́rin péré ni ó ń dá padà.

William Herschel ni ó kọ́kọ́ rí ìtànṣán ooru yìí, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1800. Ó fi dígí onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè, ó sì gbé ohun èlò ìwọn-ooru sí ìkọjá àwọ̀ pupa, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan. Níbẹ̀ gan-an ni ooru ti pọ̀ jù. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó mú orúkọ náà, ásítẹ́rọ́ìdì, wá ní ọdún 1802. Ìtànṣán tí òun fúnra rẹ̀ rí ni ó wá fi hàn lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé orúkọ náà kò tó.

Afẹ́fẹ́ ayé wa a máa dá púpọ̀ nínú ìtànṣán ooru dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń rán awò lọ sókè kọjá rẹ̀. Ní ọdún 1983, awò IRAS, tí Amẹ́ríkà, Netherlands àti Bìrìtéènì jọ ṣe, rí òkúta kan tí a pè ní Phaethon. Fred Whipple sì ṣe àkíyèsí pé ọ̀nà rẹ̀ yí oòrùn ká ni ọ̀nà eruku tí ó ń di ìràwọ̀ Geminids, àwọn tí ń já bọ́ ní oṣù Dìsẹ́ḿbà lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ onírù ni àwọn awòràwọ̀ mọ̀ pé ó ń tú irú eruku bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọdún kan náà ni a rí òkúta mìíràn tí a pè ní Don Quixote, tí ìbú rẹ̀ tó bí kìlómítà 18. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ásítẹ́rọ́ìdì ni a ń pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àwòrán tí awò ooru Spitzer yà ní ọdún 2009 wò fínnífínní, wọ́n rí ìkùukùu àti ìrù fẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Èrò wọn ni pé kábọ̀n-dáyọ́ksáídì ni ó ń jáde níbẹ̀.

Èyí tí ó jọ mí lójú jù ni ti ìràwọ̀ onírù Read, tí ibùgbé rẹ̀ wà láàárín àwọn ásítẹ́rọ́ìdì gan-an. Ní ọdún 2023, a kéde pé awò James Webb ti fi ìtànṣán ooru rí omi tí ó ti di afẹ́fẹ́, tí ó ń jáde lára rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: yìnyín wà ní àdúgbò tí mo sọ fún àwọn ọmọ pé òkúta gbígbẹ nìkan ni ó wà níbẹ̀! Ẹni tí ó bá ń wádìí ibi tí omi ayé wa ti wá kò lè fi ojú fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dá.

Kí ni èyí já sí fún àwa tí a ó di olùkọ́? Kò ní kí a má fún nǹkan lórúkọ mọ́, nítorí láìsí orúkọ ọmọ kò lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ẹ̀rí tí a fi fún un lórúkọ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n sì mọ̀ pé bí ẹ̀rí tuntun bá dé, a lè tún orúkọ náà yẹ̀ wò.

Mo padà lọ bá ọmọkùnrin náà. Mo gba ìwé rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “O gbà á. Olùkọ́ rẹ ni ó ṣì í.” Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, tísà. Ǹjẹ́ èyí tí a ti ń pè ní òkúta lè tún ní ìrù?” Mo bá jókòó, mo sì sọ ìtàn Don Quixote fún un. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa kàwé sí i, kí tàdáwà pupa wa má baà máa yá ju ìmọ̀ wa lọ.