ÌBỌN NÍNÚ MỌ́TÒ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ÌDÍLÉ WA NÍ TEXAS

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó orí, kì í sì í ṣe ti owó ilé-ìwé ọmọ. Ìbọn ni. Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu, nítorí nílé, ọlọ́pàá, ṣọ́jà àti ọdẹ ni a mọ̀ mọ́ ìbọn. Ṣùgbọ́n níbí ní Texas, àwọn ènìyàn wa náà ń rà á: ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀gànjọ́, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ sìkiọ́ríìtì. Mi ò wá sọ pé kí ẹ rà á, mi ò sì wá sọ pé kí ẹ má rà á. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ìbọn ìléwọ́ tó wà nínú mọ́tò, pàápàá jù lọ nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín kò sí nínú mọ́tò náà.

Kí a tó dé orí mọ́tò rárá, ta ni òfin gbà láyè? Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta ìbọn ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wá pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́, ti àlejò tàbí ti òṣìṣẹ́ H-1B, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó gba láísẹ́ǹsì ọdẹ. Ẹni tó ní green card lè ní i. Ẹ̀wọ̀n tó wà nídìí rẹ̀ lè tó ọdún 15. Ẹ wá wo ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wá kàwé, tó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní mọ́tò kí n fi lọ ra nǹkan ní màkẹ́ẹ̀tì.” Ó mọ̀ pé ìbọn yín wà nínú pigeon hole. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró, òun nìkan ló wà nínú mọ́tò, ìkáwọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa sọ pé ìbọn náà wà. Nítorí náà, kí mọ́tò tó kúrò lọ́wọ́ yín, ìbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Mẹ́káníìkì ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn tó ń fọ mọ́tò? Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Kí ẹni tó ní green card má sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán lórí òun. Títí ẹ ó fi di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí ilé ẹjọ́ bá dá yín lẹ́bi pé ẹ ní ìbọn tàbí gbé ìbọn lọ́nà tó lòdì sí òfin, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ dá yín padà sílé. Ohun tí aládùúgbò yín tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ máa fi owó ìtanràn yanjú lè gba gbogbo iṣẹ́ ogún ọdún lọ́wọ́ yín.

Ní Texas, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò kà léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba láísẹ́ǹsì. Nínú mọ́tò, kí ó wà ní ìpamọ́; bó bá máa hàn síta, inú àpò ìbọn ni kó wà. Àwọn ènìyàn gbọ́ èyí, wọ́n ní láísẹ́ǹsì kò wúlò mọ́. Ó wúlò. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti 1990 tó ka ìbọn léèwọ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilé-ìwé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé e ní 1995, lórí ẹjọ́ kan tó ti San Antonio níbí wá, àmọ́ Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì tún un ṣe ní 1996, ó sì ń ṣiṣẹ́ dòní. Òfin náà yọ ẹni tí ìpínlẹ̀ náà fún ní láísẹ́ǹsì sílẹ̀. Ó tún yọ ìbọn tí kò ní ọta nínú sílẹ̀, bó bá wà nínú àpótí tí a tì pa. Kò yọ ẹni tó kàn ń gbé ìbọn ọlọ́ta kiri láìní láísẹ́ǹsì sílẹ̀, bí Texas tiẹ̀ gbà á láyè. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó ń já ọmọ sílẹ̀ níwájú ilé-ìwé láràárọ̀! Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ gba láísẹ́ǹsì náà, kí ẹ lọ jókòó nínú kíláàsì rẹ̀, kí ẹ sì yin ìbọn níwájú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló kàn. Abẹ́ síìtì kì í ṣe ibi ìpamọ́. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, ohun tó wà lábẹ́ síìtì máa yọ́ kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Ní oṣù kẹta 2016, ní Florida, ìbọn yọ́ láti abẹ́ síìtì iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ọmọ ọdún 4 gbé e, ó sì yìn ín lu ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ọlọ́run yọ ìyá náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ní Milwaukee, bákan náà ló ṣẹlẹ̀; ọmọ náà kò ju ọdún méjì lọ, ìyá rẹ̀ sì kú lórí títì. Ìbọn náà kì í tilẹ̀ ṣe ti ìyá ọmọ. Ti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ sìkiọ́ríìtì ni, mọ́tò ọ̀rẹ́kùnrin náà ló yá. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn pọ̀ láàárín wa. Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ má bọ́ bẹ́líìtì ìbọn sórí síìtì pé ẹ ó padà wá mú un. Òfin Texas sì fìyà jẹ àgbàlagbà tó bá fi ìbọn ọlọ́ta síbi tí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti tó o. Bí ọmọ bá yìn ín, tí ẹnì kan kú tàbí farapa gidigidi, ẹ̀wọ̀n náà lè tó ọdún kan.

Wàyí o, ibo ni kí ẹ fi í sí? Bí ẹ bá ń wakọ̀, ara yín ló ti dára jù, nínú àpò ìbọn tó bo ibi tí ìka ń fà dáadáa. Bí ìbọn bá wà nínú àpò rẹ̀, ẹ má máa yọ ọ́ wọlé yọ ọ́ jáde nínú mọ́tò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń yìnbọn lu itan ara wọn nìyẹn. Bí ẹ bá máa fi í sílẹ̀, ẹ ra àpótí irin kékeré tó ní kọ́kọ́rọ́, tó ní wáyà irin tí ẹ ó gbà yí irin ìdí síìtì ká. Olè tó ní irinṣẹ́ lè gé wáyà náà, àmọ́ olè inú ibi ìgbọ́kọ̀sí kì í ní àkókò: á fọ́ gíláàsì, á na ọwọ́ sí pigeon hole àti abẹ́ síìtì, á sá lọ. Mọ́tò ni wọ́n ti ń jí ìbọn gbé jù ní Amẹ́ríkà báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́tò náà ni kò sì tì. Ẹ ti ìbọn mọ́ inú àpótí kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ, nítorí àwọn kan máa ń jókòó sínú ibi ìgbọ́kọ̀sí kí wọ́n lè rí ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́. Ẹ yọ sítíkà ìbọn kúrò lára mọ́tò. Ìpolówó ni fún olè. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12, tí ìbọn wà nínú mọ́tò níta ní gbogbo wákàtí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílé. Ẹ̀yin tó ń wa Uber tàbí Lyft, àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì ló kà á léèwọ̀ fún awakọ̀ àti èrò. Lálẹ́, kó bá yín wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ìṣirò wò ó díẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Owó àpótí náà kò tó owó aṣọ ẹbí kan. Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó lọ́yà. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ara ìbọn náà sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ rìsíìtì nílé, kì í ṣe nínú mọ́tò. Bí wọ́n bá jí i, nọ́ńbà yẹn ni ọlọ́pàá máa béèrè.

Nípa ọlọ́pàá tó dá yín dúró: ní ọjọ́ 6 oṣù keje 2016, ní Falcon Heights, Minnesota, ọlọ́pàá dá Philando Castile dúró, ó sì ní kó mú ìwé rẹ̀ wá. Castile ní láísẹ́ǹsì ìbọn. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé òun ní ìbọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ rárá tí ọlọ́pàá náà yìnbọn pa á, níṣojú ọmọ ọdún 4 tó wà ní síìtì ẹ̀yìn. Ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀ ní 2017. Mi ò lè ṣèlérí pé ohunkóhun tí ẹ bá ṣe máa gbà yín, àmọ́ èyí wà lọ́wọ́ wa: ẹ má jẹ́ kí ìwé mọ́tò àti ìbọn wà ní ibì kan náà. Ẹ kó ìwé ìnṣọ́ránsì sí òkè orí, níbi àbò oòrùn. Bó bá jẹ́ alẹ́, ẹ tan iná inú mọ́tò. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé síárìn, ẹ sọ ibi tí ìbọn wà, ẹ sì béèrè ohun tó fẹ́ kí ẹ ṣe kí ọwọ́ yín tó kúrò níbẹ̀. Ní Texas, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ fi í hàn pẹ̀lú ìwé ìwakọ̀ bí ìbọn bá wà lára rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń wakọ̀ lọ sí ìgbéyàwó ní Maryland, New Jersey tàbí New York, láísẹ́ǹsì Texas kò dé ọ̀hún. Ní 2013, obìnrin ará Philadelphia kan tó ní láísẹ́ǹsì Pennsylvania kọjá sí New Jersey, ó sọ òótọ́ fún ọlọ́pàá, wọ́n sì mú un. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ọn, gómìnà sì forí jì í ní 2015. Òfin 1986 gbà kí ẹ la ìpínlẹ̀ kọjá bí òfin bá gbà yín láyè níbi tí ẹ ti ń bọ̀ àti níbi tí ẹ ń lọ, ṣùgbọ́n ìbọn gbọ́dọ̀ wà láìní ọta nínú, òun àti ọta sì gbọ́dọ̀ wà nínú búùtù. Bí mọ́tò kò bá ní búùtù tó dá dúró, kí wọ́n wà nínú àpótí tí a tì pa. Pigeon hole kò sí lára àpótí yẹn. Ilé ni kí ẹ ti yọ ọta: ẹ kọ́kọ́ fa ilé ọta jáde, lẹ́yìn náà ẹ yọ èyí tó kù nínú ìbọn gan-an. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé.

Ó ku ẹ̀yin tó ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sí Èkó. Ìbọn ìléwọ́ wà lára ohun tí òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kà léèwọ̀ láìsí àṣẹ Ààrẹ. Ẹ wo abẹ́ síìtì, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, pigeon hole àti ibi táyà àfirọ́pò, bóyá ọta kan ti yí síbẹ̀, kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ń kó ẹrù lọ́wọ́.