Àjọkẹ́ ní Pápá Ọdún

Nínú àwọn oríkì tí àwọn baba wa fi ń ki ọmọbìnrin jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ni ó parí sí kíkẹ́: Àdùkẹ́ ni ọmọ tí gbogbo ẹbí ń du láti kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ni èyí tí a bẹ̀bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́, Àṣàkẹ́ ni èyí tí a ṣà láàárín ọ̀pọ̀ kí a lè kẹ́ ẹ, Àjọkẹ́ sì ni èyí tí gbogbo agbo ilé pa ọwọ́ pọ̀ láti kẹ́. Ìlérí ni àwọn orúkọ wọ̀nyí, èyí tí àgbà ṣe fún ọmọ ní ọjọ́ tí ọmọ náà kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí a ó ti ṣe mú ìlérí náà ṣẹ ní ọjọ́ tí ó ṣòro jù lọ láti mú un ṣẹ, èyíinì ni ọjọ́ ọdún, nígbà tí gbogbo ìlú bá tú jáde sí gbangba, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú orí ìwé yìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi Àjàgbà, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ tí kò sí ariwo, ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kí ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ibi tí ìyá àgbà ti ń gbẹ púpùrú lórí iná, láìsí ẹni tí ọkàn rẹ̀ yóò dàrú. Nítorí pé ẹlẹ́kọ tí ó wà ní oríta mọ̀ ọ́n, aránṣọ mọ ìyá tí ó bí i, baba arúgbó tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò sì bi í léèrè ibi tí ó ń lọ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi wí pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún bá dé, tí àwọn ọmọ ìlú wọlé láti Èkó àti Àkúrẹ́, tí àlejò ya dé láti Òkìtìpupa àti Ọ̀rẹ̀, tí ọ̀kadà ń sáré kiri, tí ìlù bírípo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, igba ojú náà kò kúrò nílùú, síbẹ̀ inú agbo ijó ni gbogbo wọn ń wò. Ìyá rò pé ọ̀dọ̀ baba ni ọmọ wà. Baba rò pé ẹ̀gbọ́n ìyá ni ó mú un lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ìkòkò, ó ń bu oúnjẹ fún àlejò. Báyìí ni ọmọ gbogbo ènìyàn ṣe ń di ọmọ tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan sì wà tí ó máa ń dùn mí dé ọkàn. Bí a bá wo etí agbo ijó dáadáa, a ó rí i pé àwọn ọmọbìnrin kéékèèké gan-an ni a fi ṣe olùtọ́jú ọmọ. Mo rí ọ̀kan ní ọdún kan tí kò lè ju ọlọ́dún mẹ́jọ lọ: ọ̀já tí a fi pọn àbúrò rẹ̀ sí i lẹ́yìn ti yọ̀ wá sí ìdí, orí ọmọ náà ti yẹ̀ sí ọ̀tún, òun náà ń fi ọwọ́ kan gbé ìdí ọmọ sókè, ó fi ọwọ́ kejì di àtẹ ẹ̀pà mú lórí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń na ọrùn kí ó lè rí àwọn oníjó láàárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà. Ta ni ń tọ́jú òun? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ti sọ di tirẹ̀, pe ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé, ó sì ka fífi ọmọdé kiri ọjà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ètò tí a bá ṣe fún ìtọ́jú ọmọ ní ọjọ́ ọdún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé nítorí ọmọ ni a ṣe pe àpéjọ, kò sí ewu níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 ni ó kú ní agbègbè Baṣọ̀run ní Ìbàdàn, níbi àríyá ọdún tí a pe àwọn ọmọdé fúnra wọn sí. A ti kéde pé ọmọ 5,000 ni a ń retí, pé ọ̀fẹ́ ni, pé ẹ̀bùn sì wà níbẹ̀; òbí kó ọmọ débẹ̀ láti ìdájí, èrò pọ̀ ju ohun tí ẹnu ọ̀nà lè gbà lọ, àwọn tí ó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tí ó wà níwájú, àwọn ọmọ sì há sáàárín. Orí ọmọ ọlọ́dún márùn-ún kò ju ìgbáròkó àgbà lọ. Bí èrò bá fún un mọ́ra, kò rí afẹ́fẹ́ mí, kò sì sí ẹni tí ó lè gbọ́ igbe rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí a bá fi àwọn ọmọ sí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí a ti ń pín oúnjẹ tàbí ẹ̀bùn.

Àwa Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ti í ṣọ́ ọmọbìnrin láàárín èrò. Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún ni àwọn ará Òṣogbo ń bọ Ọ̀ṣun, nínú igbó tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Wúńdíá kan láti ìdílé ọba, tí wọ́n ń pè ní Arugbá, ni yóò ru igbá ẹbọ ìlú láti ààfin Àtáọ́ja títí dé etí odò. Èrò tí ó ń tẹ̀ lé e kò níye, àlejò wá láti òkè òkun, ìlù ń dún lọ́tùn-ún lósì. Síbẹ̀, a kò fi Arugbá sílẹ̀ fún igba ojú. Àwọn kan wà tí a yàn, tí a mọ orúkọ wọn, tí iṣẹ́ wọn ní ọjọ́ náà kò ju pé kí wọ́n rọ̀gbà yí i ká, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kọ. Bí a bá lè ṣe èyí fún ọmọ tí ó ru igbá, a lè ṣe é fún ọmọ tí kò ru ohunkóhun.

Òkèèrè ni olójú-jíjìn ti í mú ẹkún sun. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ọdún tí ó yẹ kí àwọn ìyá ìlú, àwọn olùkọ́, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ àti ti mọ́sálásí jókòó pọ̀, kí wọ́n yan àwọn tí yóò ṣe ìtọ́jú. Ẹni tí a bá yàn, kí ó jẹ́ ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ àti ìwà rẹ̀, tí àgbà méjì lè dúró fún, tí kò sì ní fi ẹnu kan ọtí ní ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ọtí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ọ̀gógóró tí májèlé mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ènìyàn ní Òde-Ìrèlè. Ọ̀gógóró funfun bí omi. Ọmọ tí òǹgbẹ ń gbẹ kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgò kan àti èkejì. Kí omi àwọn ọmọ wà nínú ìkòkò tí ó ní ìdérí, kí ìgò ọtí kankan má sì ṣe wọ agbègbè wọn.

Ibùdó náà gan-an lè jẹ́ kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí, tàbí àtíbàbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí ká, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Jẹ́lé-ó-sinmi ọjọ́ kan ni. Kí ó jìnnà sí ọ̀nà ọ̀kadà àti sí ààrò, ṣùgbọ́n kí ó sún mọ́ agbo tó bẹ́ẹ̀ tí ìlù yóò fi máa dún sí etí àwọn ọmọ, nítorí pé ọdún ti wọn ni pẹ̀lú, a kò sì kó wọn pamọ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀. A lè mú wọn jáde díẹ̀díẹ̀ lọ wo ijó, kí olùtọ́jú kan mú orí okùn, kí òmíràn mú ìdí rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì di kókó tí a ta sí okùn náà fún un mú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ilé ìtọ́jú ọmọ kò gba àgbà kan láyè láti mójú tó ju ọmọ mẹ́ta lọ bí wọn kò bá tíì pé ọdún méjì. Èmi kò rí ìdí tí ọwọ́ ìyá kan ní Àjàgbà yóò fi pọ̀ ju ti ìyá kan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ, nìyí. Kò sí ọmọ kan tí ó gbọdọ̀ wọ ibùdó náà láìjẹ́ pé a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ ìyá àti baba rẹ̀, agbo ilé wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, wákàtí tí ó dé, àti olùtọ́jú tí ó gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un wá. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan àti bírò méjì tó fún iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí, akọ̀wé yóò mú àjákù ańkárá, yóò gé e sí méjì ní gígùn, yóò so ìdajì mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ, yóò sì fún ìyá ní ìdajì kejì. Ẹni tí kò bá mú ìdajì tí ó bá ti ọmọ mu wá kò ní mú ọmọ lọ, ìbáà ṣe ọlọ́lá, ìbáà sì ṣe pé ó mọ orúkọ ọmọ náà dé inú. Ẹnikẹ́ni lè gbọ́ orúkọ ọmọ níbi tí a ti ń pè é. Àwòrán tí ó wà lára aṣọ kò ṣeé fi ẹnu dá lásán.

Nítorí ìdí yìí kan náà, bí a bá rí ọmọ tí ó sọnù, kí a má ṣe fi gbohùngbohùn pariwo orúkọ rẹ̀ àti àwọ̀ aṣọ rẹ̀. Kí a kéde pé ọmọ kan wà ní ibùdó, kí ẹni tí ó bá wá sì sọ èyí tí ó kù. Kí gbogbo olùtọ́jú wé gèlè aláwọ̀ kan, kí a sì ti fi han àwọn ọmọ láti ilé pé, bí wọ́n bá ṣìnà, àwọn onígèlè yẹn ni kí wọ́n wá.

Ọ̀rọ̀ ṣáláńgá kò sì ṣeé dákẹ́ sí. Ibẹ̀, àti ẹ̀yìn ilé tí òkùnkùn ti sú, ni ẹni ibi máa ń ba dè. Ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ dá lọ. Obìnrin olùtọ́jú yóò mú wọn lọ ní méjì méjì, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò sì kà wọ́n bí wọ́n ti ń padà. Kí ìyá ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ní èdè tí ó yé e, pé kò sí ẹnìkan, àlejò tàbí ará ilé, tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kan ìhòòhò rẹ̀ kí ó sì ní kí ó má sọ. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin ọdún 2003 náà là sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn àti ọlọ́pàá ni a ń gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. A kì í pè é ní ọ̀rọ̀ ẹbí kí a fi owó àti ìdọ̀bálẹ̀ parí rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, tí àwọn onílù ń kó ìlù wọn sínú àpò, akọ̀wé yóò ti fa ìlà lórí orúkọ àwọn tí ó ti lọ, ó sì lè jẹ́ pé orúkọ kan ṣoṣo ni ó kù. Olùtọ́jú kò ní dìde. Yóò tan àtùpà, yóò bu omi fún ọmọ náà mu, yóò tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un, títí ìyá rẹ̀ yóò fi sáré dé, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí yóò sì tú ìdajì aṣọ náà ní kókó ìró rẹ̀. Wọn yóò fi etí aṣọ kan etí aṣọ nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà, òdòdó tí a gé sí méjì yóò pé, akọ̀wé yóò sì mú bírò.