Ẹ Yéé Méfò Nídìí Adìẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń sin adìẹ, ọ̀rọ̀ wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ má bínú. Kí ló dé tó jẹ́ pé bí adìẹ bá ti sín báyìí, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe é? "Lúkúlúkú ni, Àǹtí." Ta ló sọ fún yín?

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Níjẹta, mo yà kí ìyàwó wa kan ní Ìkòròdú. Àwọn adìẹ rẹ̀ ń wúkọ́, wọ́n ń hanrun, ó sì ti tú kápúsù èèyàn sínú omi wọn. Mo ní, "Ìyàwó, ṣé kápúsù ń pa fáírọ́ọ̀sì ni?" Ẹ̀rín ló ń rín. Mo mú ẹyin kan nínú kírétì: èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó rí wúruwùru. Mo fọ́ ọ sáwo, funfun rẹ̀ ń ṣàn bí omi. Ìyẹn jọ àrùn fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní bronkáítì adìẹ, ṣùgbọ́n ojú mi kì í ṣe láàbù.

Ó ní òun ti fún wọn ní àjẹsára. Àjẹsára wo? Bronkáítì yìí ní ẹ̀yà púpọ̀. Wọ́n rí ọ̀kan ní Nàìjíríà ní 2006, wọ́n pè é ní IBADAN. Nígbà tí ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2009, ó hàn pé ó yàtọ̀ gan-an sí ẹ̀yà Massachusetts tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àjẹsára.

Àbí ẹ ti gbàgbé àrùn ẹyẹ, bird flu? Kàdúná ló ti kọ́kọ́ yọjú ní Nàìjíríà, ní oṣù kejì 2006. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2007, ó ti pa obìnrin kan l'Ékòó níbí. Àrùn ẹyẹ náà lè wọlé bí ọ̀fìnkìn lásán.

Nítorí náà, ẹ pe dókítà ẹran. Á fi òwú gba itọ́ lọ́nà ọ̀fun adìẹ, á fi yìnyín sí i, láàbù á sì ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà. Vom ní Plateau ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe é jù wà. Kí èsì tó dé, ẹ má kó adìẹ tó ń ṣàìsàn lọ tà lọ́jà Ẹ̀pẹ́. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: kírétì àti bàtà yín ló ń gbé àrùn dé ọgbà aládùúgbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rówó ra aṣọ ẹbí lóṣooṣù, ẹ wá owó àyẹ̀wò adìẹ.