Kí Òkè Èkìtì Láwọ̀ Ni, àbí Kó Jẹ́ Dúdú-òun-Funfun?

Ọmọ ìyá mi, mo ti rí àwọn fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, mo sì fẹ́ràn wọn. Ìbéèrè tó o kọ sábẹ́ wọn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: èwo ló yẹ kó láwọ̀, èwo ló yẹ kó jẹ́ dúdú-òun-funfun? Ìbéèrè ńlá ni fún ẹni tó bá ń ya ilẹ̀ Èkìtì. Láti àdúgbò Fájuyì níbí ní Adó, ibi yòówù kéèyàn yíjú sí, òkè ni. Kò sí ìdí láti wọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn kó o tó rí ohun tó o máa yà, àmọ́ o nílò láti mọ ohun tó o ń wò.

Má gbé ìbéèrè yẹn délé. Ojú ibẹ̀ ni kó o ti dá a lóhùn. Kó o tó gbé fóònù sókè, bi ara rẹ pé, kí ló mú mi dúró níbí gan-an? Bó bá jẹ́ àwọ̀ ló dá ọ dúró, jẹ́ kó láwọ̀. Bó bá jẹ́ bí nǹkan náà ṣe ga tàbí bó ṣe tẹ̀ ni, tàbí bí oòrùn ṣe gba ẹ̀gbẹ́ kan tí òjìji sì gba ìkejì, a jẹ́ pé àwọ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Yọ ọ́ kúrò.

Wo Olósùnta ní Ìkéré. Àpáta ńlá tó dúró gbọn-in lórí ìlú, eérú ni àwọ̀ ara rẹ̀. Àwọn ìlà dúdú tó ti orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà tí omi òjò ti ń gbà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni, tí èéhù sì ti bá ibẹ̀ dàgbà. Àpáta yẹn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ dúdú-òun-funfun kí ìwọ tó dé ibẹ̀. Tó o bá yà á láwọ̀ lọ́sàn-án, ojú ọ̀run tó ń dán àti ewé tútù tó wà nísàlẹ̀ ló máa fa ojú ẹni tó ń wò ó, Olósùnta yóò wá dà bí ohun tí wọ́n kàn gbé sẹ́yìn. Lọ síbẹ̀ láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sára òkúta. Ìgbà yẹn ni gbogbo lílà àti gbogbo ihò ara rẹ̀ máa ń jáde. Yọ àwọ̀ kúrò nínú fọ́tò yẹn, wàá rí i pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè na ọwọ́ kó o fi kàn án.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ irun yé ọ ju ọ̀rọ̀ àpáta lọ, torí náà jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí lọ́dún 1930 ní ilẹ̀ tó ti di ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, tó sì ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìfọfọ́tò ìjọba ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin wa lọ́dún 1968. Ó yà á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000, dúdú-òun-funfun sì ni. Ẹ̀yìn orí ló yà nínú ọ̀pọ̀ wọn, o ò ní rí ojú ẹni tó nirun. Wo ọ̀kan nínú wọn dáadáa. O rí bí wọ́n ṣe la orí, o rí bí òwú ṣe gbé irun dìde, o rí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Ká ní ó láwọ̀ ni, aṣọ tó wà lọ́rùn àti yẹtí tó wà létí ni a ò bá kọ́kọ́ rí. Iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí ni Ojeikere fẹ́ ká rí, ó sì kó gbogbo ohun tó lè bá a du ojú wa kúrò lọ́nà. Ohun kan náà lò ń ṣe fún àpáta nígbà tó o bá yọ àwọ̀ kúrò lára rẹ̀.

Wàyí o, ohun kan wà tó máa ń da àwọn tó ń ya Èkìtì láàmú, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún wọn. Ilẹ̀ wa pupa. Koríko wa tútù. Lójú, àwọn méjèèjì kò jọra rárá, ìyẹn ló fi máa ń wù ọ́ láti ya ọ̀nà oko tó pupa gba àárín ewé kọjá. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń dá padà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bó o bá ti yọ àwọ̀ kúrò, ilẹ̀ á di eérú, koríko á di eérú, ọ̀nà tó o tìtorí rẹ̀ dúró á sì parẹ́ mọ́ inú igbó. Bó o ṣe máa mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀ nìyí: fún ojú rẹ pọ̀ díẹ̀ bí ẹni tí oòrùn ń pa, kó o wá wo ibẹ̀. Ojú tá a fún pọ̀ kì í rí àwọ̀ dáadáa, ibi tó mọ́ àti ibi tó ṣókùnkùn ló máa ń rí. Bí ọ̀nà náà bá ṣì hàn, o lè yà á ní dúdú-òun-funfun. Bí kò bá hàn mọ́, fi í sílẹ̀ láwọ̀.

Ọgbọ́n tún wà tó o lè ta sí i. Àwọn àgbà onífọ́tò máa ń dé gíláàsì aláwọ̀ mọ́ ojú kámẹ́rà wọn. Gíláàsì pupa máa ń jẹ́ kí ohun tó pupa mọ́ sí i, ó sì máa ń sọ ewé àti ojú ọ̀run di dúdú. Ansel Adams, ará Amẹ́ríkà tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí fọ́tò òkè, dúró síwájú àpáta Half Dome ní Yosemite lọ́dún 1927. Gíláàsì yẹ́lò ló kọ́kọ́ fi yà á. Ó rí i pé ojú ọ̀run kò ní wúwo tó bó ṣe rí i lọ́kàn, ó bá pààrọ̀ rẹ̀ sí pupa, ojú ọ̀run sì dúdú kirikiri lẹ́yìn òkúta. Àpáta bíi tiwa ni Half Dome, nítorí náà ohun tó ṣe é lóore níbẹ̀ yóò ṣe Olósùnta lóore. Ìwọ ò nílò gíláàsì kankan. Inú áàpù Snapseed, níbi tí wọ́n kọ Black & White sí, àwọn àwọ̀ kéékèèké kan wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gíláàsì yẹn. Tẹ pupa, ọ̀nà oko rẹ á mọ́, koríko á ṣókùnkùn, o ti gbà á padà nìyẹn. Tẹ àwọ̀ ewé, ìdàkejì rẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kutẹ̀ ṣá. Mọ ohun tó o fẹ́ kó mọ́ kó o tó fọwọ́ kàn án.

Kí ló wá yẹ kó láwọ̀? Igi flamboyant tó bá ti tanná ní àsìkò tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, dákun, má yọ àwọ̀ kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èso kòkó tó ti pọ́n lára igi. Èyí tí mo sì fẹ́ràn jù ni òrùlé Adó. Gun ibi tó ga díẹ̀ kó o wo ìlú nísàlẹ̀. Àwọn páànù tó ti dípẹtà ní àwọn àdúgbò àtijọ́ pọ́n bí ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé, láàárín wọn ni wàá ti rí òrùlé tuntun aláwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ ewé tí ọmọ kan tó ríṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá rẹ̀. Àwọ̀ ló ń sọ ìtàn yẹn. Òun ló ń sọ èyí tó ti pẹ́ àti èyí tó dé láìpẹ́, ilé tí wọ́n ti ṣí kúrò àti ilé tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Bó o bá sọ ọ́ di dúdú-òun-funfun, gbogbo òrùlé di ọ̀kan náà, o sì ti pa ìtàn náà lẹ́nu mọ́.

Ìgbà tún ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ọyẹ́, láti bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti Sàhárà máa ń bo ojú ọ̀run, àwọ̀ gbogbo nǹkan a sì rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń tìtorí ẹ̀ gbé kámẹ́rà sí kọ̀rọ̀. Má bá wọn ṣe é o! Ìgbà yẹn gan-an ni kó o lọ sọ́nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láàárọ̀. Òkè tó sún mọ́ ọ á dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e á rẹ̀ díẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn wọn á funfun títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ojú ọ̀run. Ọyẹ́ ti tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ fún ọ. Kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀ tó o máa pàdánù. Àmọ́ lẹ́yìn òjò ìrọ̀lẹ́, tí eruku bá ti fọ̀ kúrò lójú ọ̀run, tí ewé ń dán, tí ilẹ̀ tutù tó tún pupa sí i, àwọ̀ ni kó o tọ̀ lẹ́yìn. Oòrùn ọ̀sán gangan ló ṣòro jù nítorí ó ń bọ́ àwọ̀ nǹkan, ó sì ń sọ òjìji di dúdú biri. Bó bá di dandan pé kó o yàwòrán nígbà yẹn, dúdú-òun-funfun lè lo òjìji tó le bẹ́ẹ̀ dáadáa, pàápàá lára ilé àti ògiri.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ yọ kúrò lọ́kàn rẹ. O kọ ọ́ pé dúdú-òun-funfun máa ń jẹ́ kí nǹkan dà bíi ti àtijọ́. Mo mọ ibi tó o ti rí i. Ọ̀pọ̀ fọ́tò Adékúnlé Fájuyì tá a mọ̀, ọmọ Adó tí wọ́n pa ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966, tí a sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò wa, dúdú-òun-funfun ni wọ́n. Ẹni tó yà wọ́n kò jókòó yan ìyẹn. Fíìmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, torí fíìmù aláwọ̀ wọ́n, ibi tí wọ́n ti lè fọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ wa kò sì wọ́pọ̀. Ní Gánà tí kò jìnnà sí wa, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni James Barnor padà dé láti ìlú Òyìnbó, tó dá ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò aláwọ̀ sílẹ̀ ní Accra. Bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ti dé ẹ̀bá wa níbí ṣáájú ìyẹn: lọ́dún 1930, Frédéric Gadmer bá Fadá Francis Aupiais lọ sí Dàhòmì, orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ó sì ya àwọn èèyàn àti ìlú ibẹ̀ láwọ̀ sórí gíláàsì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pòtétò tí wọ́n pa láró ṣe. Bí ẹnì kan bá rí àwọn àwòrán yẹn lónìí, ó lè rò pé àná ni wọ́n yà wọ́n. Akinbode Akinbiyi wà láyé, ó ń rìn kiri Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, ó ń yà wọ́n ní dúdú-òun-funfun, òde òní pọ́nńbélé sì ni ohun tó ń yà. Nítorí náà má fi dúdú-òun-funfun bo òkè Èkìtì kó lè dà bí ohun àtijọ́. Òkè náà ń bẹ níbẹ̀ lónìí.

Má sì fi dúdú-òun-funfun gba fọ́tò tí kò dára sílẹ̀. Àwòrán tó bá ti wọ́, tàbí tí kò ní ibì kan tí ojú lè bà lé, yíyọ àwọ̀ kúrò kò ní wò ó sàn. Ọ̀rọ̀ kan náà kan àwọn tó máa ń fa àwọ̀ sókè títí ewé á fi máa tàn bí iná. Ewé Èkìtì kò ní irú àwọ̀ yẹn, ọmọ Èkìtì tó bá rí i yóò mọ̀ pé irọ́ ni.

Fóònù rẹ ńkọ́? Àwọ̀ ni kó o fi ya gbogbo rẹ̀, kó o wá ṣe ẹ̀dà kan tó o máa yọ àwọ̀ kúrò lára rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tó o bá yan dúdú-òun-funfun kó o tó tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ ti lọ nìyẹn, kò sí ibi tó o ti máa wá a rí. Tó bá sì di pé o fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ọ̀kan kékeré fún ọ, nítorí ibi tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀rọ fọ́tò aláwọ̀ tẹ dúdú-òun-funfun, ó lè pọ́n díẹ̀ tàbí kó dà bí ewé. Gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, kó o wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn kó o tó sanwó ńlá. Ìwọ náà ṣí álúbọ́ọ̀mù ìyá wa wò. Àwọn dúdú-òun-funfun ìgbà ọmọge wọn ṣì mọ́ kedere, àwọn aláwọ̀ tó dé lẹ́yìn wọn ló ti ń pọ́n. Fàdákà ló gbé ti ìṣáájú ró, aró ló gbé ti ìkejì, ooru àti ọ̀rinrin wa sì máa ń jẹ aró. Ya àwọn fọ́tò yẹn sínú fóònù rẹ nísinsìnyí, pàápàá àwọn aláwọ̀, kí wọ́n tó rẹ̀ tán.

Tó o bá dé Ìkéré, kí àwọn àgbà tó o bá nísàlẹ̀ Olósùnta, kó o tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, nítorí òkè tí wọ́n ń bọ ni. Ní Adó, má kọ ojú kámẹ́rà sí ilé ìjọba lórí Òkè Ayọ̀ba, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ má bàa bi ọ́ ní ìbéèrè tí kò ní í tán.

Ó ku Àrìnta, ìṣàn omi tó ń já bọ́ láti orí òkúta ní Ìpólé-Ìlórò. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ní dúdú-òun-funfun: omi funfun, òkúta dúdú tó tutù, kò sí ohun tí àwọ̀ máa fi kún un. Àmọ́ igbó tó yí i ká tútù lọ́nà tí mi ò rí níbòmíràn, mo sì mọ̀ pé ìwọ yóò sọ pé kò yẹ ká gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Tó o bá lọ, ṣe méjèèjì. Fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, má sì sọ èyí tó o fẹ́ràn jù fún mi kí n tó wò wọ́n.